Kí Ló Pa Àbúrò Bàbá Yín?

Ọ̀rọ̀ ikú òjijì ni mo gbé wá lónìí, irú èyí tó ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́ lọ láìṣàìsàn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí etí ń fẹ́ gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ.

Lọ́dún 1856, dókítà ará Jámánì kan, Friedrich Ludwig Meissner, kọ̀wé nípa ọmọbìnrin kan tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ní ìlú Leipzig. Ọmọ náà ṣẹ̀, wọ́n sì mú un dé iwájú ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kí wọ́n bá a wí lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń bá a wí ló ti ṣubú lulẹ̀, tó sì gbabẹ̀ kú. Nígbà tí wọ́n sọ fún àwọn òbí rẹ̀, kò yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n ní irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé àwọn rí, pé ọmọ àwọn tó jẹ́ adití bíi tirẹ̀ ti ṣubú kú bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìpáyà tàbí ìbínú ńlá.

Èsì àwọn òbí yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Kò sí ẹ̀rọ kankan nígbà náà tó lè fi bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Willem Einthoven, tó padà ṣe ẹ̀rọ ECG ní ìlú Leiden, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1924, wọn ò tíì bí i rárá. Síbẹ̀ ìdajì ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ bàbá àti ìyá yẹn: wọ́n mọ ẹni tó ti kú nínú ilé wọn, wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó kú, wọ́n sì sọ ọ́ jáde.

Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún sí i kí ìmọ̀ ìṣègùn tó lé wọn bá. Lọ́dún 1957, dókítà méjì ní Nọ́wè, Anton Jervell àti Fred Lange-Nielsen, ròyìn ẹbí kan tó bí ọmọ mẹ́fà. Mẹ́rin nínú wọn kò gbọ́ràn láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, àwọn mẹ́rin yìí náà ló sì máa ń dákú. Mẹ́ta kú: ọ̀kan lọ́mọ ọdún 4, ọ̀kan lọ́mọ ọdún 5, ọ̀kan lọ́mọ ọdún 9. ECG wọn ní ibì kan tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tó máa fi di 1963 àti 1964, Romano ní Ítálì àti Ward ní Áyálàndì ti rí irú rẹ̀ nínú àwọn ẹbí tí etí wọn dá ṣáṣá, èyí sì ló wọ́pọ̀ jù. Long QT ni wọ́n ń pe àìsàn náà ní ọsibítù, orúkọ yẹn náà ni n ó máa pè é.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an? Iná kékeré ló ń mú kí ọkàn fún pọ̀ kó tó lè ta ẹ̀jẹ̀ jáde. Àwọn nǹkan bíi sódíọ̀mù àti potásíọ̀mù tó wà nínú ara wa ló ń gba ihò tín-tìn-tín wọlé, tí wọ́n ń gbà á jáde, lára àwọn sẹ́ẹ̀lì ọkàn. Ibẹ̀ ni iná náà ti ń wá. Bí ọkàn bá ti lù lẹ́ẹ̀kan, iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sípò kó tó tún lù. Ẹ wo onílù: bí kò bá tíì gbé ọ̀pá kúrò lára awọ, tí ọ̀pá ẹlòmíì tún já lé e, ariwo lásán ló máa jáde. Lára ẹni tó ní Long QT, ihò kan nínú àwọn ihò wọ̀nyí kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, iná a sì pẹ́ kó tó padà sípò. Lọ́pọ̀ ọjọ́, kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Àmọ́ bí ìlù kan bá ṣèèṣì bọ́ sáàárín ìgbà tí kò yẹ, ọkàn á dẹ́kun lílù, á wá máa gbọ̀n rìrì. Ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ọpọlọ mọ́. Kí ẹ tó ka ogún, ẹni náà ti wà nílẹ̀. Bí gbígbọ̀n náà bá dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀, á jí, á máa wojú yín bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Bí kò bá dáwọ́ dúró, ikú ni.

Ní Ítálì, wọ́n gbé ECG fún ọmọ tuntun tó lé ní 40,000, ohun tí wọ́n sì rí níbẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n máa sọ pé nǹkan bí ẹnìkan nínú 2,000 ló ní in. Ìyẹn ni pé nínú ilé ẹ̀kọ́ girama ńlá kan ládùúgbò yín, ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan wà níbẹ̀.

Àìsàn àjogúnbá ni. Bí òbí kan ṣoṣo bá ní in, ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá bí lè mú un, ó lè má mú un, ìdajì-ìdajì ni, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Èyí tó ń mú àìgbọ́ràn dání nìkan ni ọmọ gbọ́dọ̀ gbà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá papọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi Gúúsù Áfíríkà ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ibẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Ítálì rí ẹbí 22 láàárín àwọn òyìnbó ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Afrikaner, tí àwọn ẹbí wọ̀nyí kò mọ ara wọn rí. Àbùkù kan náà ló wà nínú jíìnì gbogbo wọn. Wọ́n tọ ìtàn ìdílé wọn sẹ́yìn títí wọ́n fi kan tọkọtaya kan ṣoṣo tó ṣègbéyàwó ní nǹkan bí ọdún 1730. Ohun tó tún jọ mí lójú níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó gbé jíìnì náà ló dákú rí. Àwọn kan darúgbó. Ibi tó ti ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn: bàbá tó gbé e lè pé ọgọ́rin ọdún láìmọ̀, kí ọmọ tó gbé e fún má sì kọjá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Irú mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù, ohun tó sì ń tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Nínú irú kìíní, eré sísá ni, pàápàá ìlúwẹ̀ẹ́. Nínú irú kejì, ariwo òjijì ni: aago ìtanijí, fóònù tó dún lójijì, nọ́kàòtù tí àwọn ọmọ ń yìn nígbà Kérésìmesì. Ìyálọ́mọ tó ní irú kejì yìí ní láti ṣọ́ra gidigidi ní oṣù mẹ́sàn-án tó tẹ̀lé ìbímọ, ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i nígbà náà. Irú kẹta, ojú oorun ló ti sábà ń ṣọṣẹ́.

Ẹ wá wò ó. Ọmọ tó mọ odò wẹ̀ dáadáa rì sódò. Ìyálọ́mọ ṣubú nígbà tí ilẹ̀kùn gbá gbàmù. Ọ̀dọ́kùnrin sùn, kò jí. Ní ilẹ̀ wa, àlàyé ti wà nílẹ̀ fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n á ní olúwẹri ló mú ti àkọ́kọ́, ayé ló ṣe ti èkejì, ogun ojú oorun ló pa ẹnìkẹta. N kò bá ẹnikẹ́ni du ohun tó gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n àlàyé tí a bá ti fi tẹ́ ara wa lọ́rùn kì í jẹ́ ká rántí yẹ àwọn àbúrò olóògbé wò, àwọn àbúrò ọ̀hún ló sì ṣẹ́ kù tí a lè gbà là.

Ohun mìíràn tó ń bo àìsàn yìí mọ́lẹ̀ ni bí a ṣe ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ. Òbí kì í dé ojú oórì ọmọ rẹ̀. Wọ́n á kó aṣọ àti fọ́tò rẹ̀ kúrò nílẹ̀, wọ́n á sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ létí ìyá rẹ̀ mọ́. Àánú ló bí àṣà yẹn, mo mọ̀. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìyẹn á dàgbà láìmọ̀ pé òun ní ẹ̀gbọ́n rí. Lọ́jọ́ tí òun náà bá dákú lórí pápá, kò ní rí nǹkan kan sọ fún dókítà.

Ìbéèrè nípa ẹbí yìí sì ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́, ó ṣáájú ẹ̀rọ, ó ṣáájú ẹ̀jẹ̀ gbígbà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá kan ṣubú níbi eré ìje ilé ẹ̀kọ́, ìyá rẹ̀ sì gbé e dé ọsibítù. Dókítà á ní, "Màmá, ṣé ẹnikẹ́ni ti kú ikú òjijì nínú ẹbí yín?" Ìyá á ní, "Ká má rí i o, dókítà. Kò sí." Dókítà tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní kọ "kò sí" sílẹ̀ kó máa lọ. Á yí i padà: "Ṣé omi ti gbé ẹnìkan lọ rí? Ṣé wọ́n ti bá ẹnìkan lórí ẹní láàárọ̀ rí? Ta ni ọkọ̀ rẹ̀ yà wọ igbó lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, tí kò sí ọkọ̀ mìíràn níbẹ̀? Ta ló ní warapa tí oògùn ò ràn? Ṣé ìyá àgbà bí àbíkú?" Ìgbà yẹn ni ìyá á dákẹ́ díẹ̀, á wá ní, "Àbúrò bàbá wọn kan wà o. Odò ni wọ́n ní ó bá lọ. Mi ò tíì délé ọkọ nígbà yẹn."

Lójú tèmi, ìyá bàbá ọmọ gan-an ló yẹ kó jókòó síwájú dókítà lọ́jọ́ náà. Ìyàwó ilé kì í sábà mọ ikú tó ti pa ará ilé ọkọ rẹ̀ kó tó dé, wọn kì í sì í sọ fún un.

Warapa tí mo dárúkọ yẹn ṣe pàtàkì. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń gbọ̀n dípò kó máa lù lè na ẹsẹ̀ gbọọrọ, kí ara rẹ̀ máa jà pìtìpìtì, kódà ó lè tọ̀ sára. Ẹni tó bá rí i á pariwo warapa. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ti fún ní oògùn warapa fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ ọkàn wọn ni àrùn wà. Nílé tiwa, wọ́n lè fi ẹsẹ̀ ọmọ lé iná, wọ́n lè fi ṣíbí la ẹnu rẹ̀, wọ́n lè po ìtọ̀ màlúù fún un mu. Gbogbo ìyẹn ń pani lára, kò sì wo nǹkan kan. Àwọn àmì kan wà tó yẹ kó fu yín lára. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tó ń sáré, tó wà nínú omi, tí ẹ̀rù bà á tàbí tí inú bí i ló máa ń ṣubú. Bí ojú rẹ̀ bá funfun bí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ tán lára rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé gbàrà tó jí ni iyè rẹ̀ ti sọ, nígbà tí oníwarapa sábà máa ń dààmú, tó sì máa ń sùn lọ fọnfọn. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, kí ẹ sì béèrè fún ECG. Bí ẹnìkan bá ti fi fóònù ya fídíò rẹ̀, ẹ mú fídíò náà dání.

ECG kì í dunni. Wọ́n á ní kí ẹ tú bọ́tìnnì, kí ẹ dùbúlẹ̀ gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n á lẹ nǹkan kéékèèké mẹ́fà mọ́ àyà yín láti àárín lọ sí abẹ́ apá òsì, wọ́n á fi mẹ́rin sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ má mira. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, bébà tó kún fún ilà ìbú àti òró á yọ jáde. Òkè kéékèèké wà lórí rẹ̀ tí Einthoven fún ní lẹ́tà: P, Q, R, S, T. Àpótí kékeré kan lórí bébà náà jẹ́ 0.04 ìṣẹ́jú àáyá. Dókítà á kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ Q dé òpin T. Nítorí pé ọkàn tó ń yára lù máa ń ké QT kúrú, ó gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò sí i. Ìlànà tí Henry Bazett gbé jáde lọ́dún 1920 ni ọ̀pọ̀ ṣì ń lò. Bí àbájáde bá dé 480 mílísẹ́kọ́ńdì nígbà tí wọ́n tún un ṣe, tí kò sì sí oògùn tàbí àìsàn mìíràn tó fà á, ìfura ti di òótọ́. Bó bá kọjá 500, ewu ti pọ̀.

Ẹ̀rọ náà máa ń ka nọ́ńbà jáde fúnra rẹ̀, ó sì máa ń ṣì í kà. Ẹ bẹ dókítà pé kó fojú ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ohun tó tún ń kó àwọn ènìyàn sí yọ́ọ́yọ́ọ́ ni pé nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin tó gbé jíìnì yìí, ECG tiwọn kì í fi nǹkan kan hàn nígbà tí wọ́n bá wà ní ìsinmi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí ẹni tí wọ́n bá fura sí dìde dúró lójijì, tàbí kó rìn lórí ẹ̀rọ títí á fi làágùn, kí wọ́n tó tún wò ó. Àyẹ̀wò jíìnì náà wà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí Mark Keating ní Utah, Amẹ́ríkà, ló tú àwọn jíìnì náà fó láàárín 1995 àti 1996. Àyẹ̀wò yìí ń rí àbùkù náà nínú bí ẹbí mẹ́ta nínú mẹ́rin. Fún ìyókù, ìtàn ẹbí àti ECG náà la ó máa fi ṣiṣẹ́.

Ìtọ́jú ńkọ́? Ibí ni inú mi ti ń dùn díẹ̀, nítorí oògùn tó ṣe pàtàkì jù lọ ti pẹ́ láyé, kò sì wọ́n. Propranolol ni ọ̀kan nínú wọn, òun náà tí James Black ṣe ní ọdún 1964 tó sì wà lára ohun tó mú un gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1988. Ó ń dáàbò bo ọkàn kí ìpáyà àti eré má lè tì í ṣubú. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Bí ẹ bá jáwọ́ lójijì torí pé ara le, ewu á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní asthma, kó sọ fún dókítà kó tó fẹnu kàn án. Obìnrin tó lóyún tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kò gbọdọ̀ dá oògùn yìí dúró fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì ń dákú lẹ́yìn ìyẹn, iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n fi ń gé iṣan tó ń ru ọkàn sókè lápá òsì, wọ́n ti ń ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń rì sábẹ́ awọ àyà náà wà, ICD, tó ń fi iná dá ọkàn padà sí lílù rẹ̀. Michel Mirowski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi í sára ènìyàn ní Baltimore lọ́dún 1980. Òun ló wà lára Christian Eriksen, agbábọ́ọ̀lù Denmark tó ṣubú lórí pápá ní Copenhagen lọ́dún 2021, tó sì padà sídìí bọ́ọ̀lù. Owó rẹ̀ kò kéré, bátìrì rẹ̀ sì ń fẹ́ pípààrọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní Long QT ló nílò rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í dẹ́rù bà yín.

Ọ̀rọ̀ kan wá wà tó kan gbogbo wa, yálà àìsàn yìí wà nínú ẹbí yín tàbí kò sí. Àwọn oògùn kan wà tí àwọn fúnra wọn ń fa QT gùn. Halofantrine tí wọ́n ń tà ní Halfan láyé ọjọ́un wà níbẹ̀, chloroquine àti quinine wà níbẹ̀. Erythromycin, azithromycin, ciprofloxacin, fluconazole, haloperidol, gbogbo wọn ni. Ìwé tó wà nínú páálí oògùn ibà artemether-lumefantrine pàápàá ní kí ẹni tí ikú òjijì wà nínú ẹbí rẹ̀ má lò ó láìjẹ́ pé dókítà mọ̀. Oníkẹ́míìsì tó ń ṣà á mẹ́ta mẹ́rin, tó ń di hóró funfun mọ́ pupa sínú ọ̀rá kan náà fún yín, kò bi yín léèrè nípa ẹbí. Ẹ fi ìgbẹ́ gbuuru àti èébì kún un, tí potásíọ̀mù ti dín kù lára, ọ̀ràn ti dé. N kò ní kí ẹ má tọ́jú ibà o, ibà ń pani. Ohun tí mo ní ni pé kí ẹ jẹ́ kí dókítà tó mọ ìtàn yín yan oògùn fún yín.

Ìdí mìíràn wà tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ oògùn yìí. Lọ́dún 2002, Igor Splawski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn Science pé àwọn rí ìyàtọ̀ kékeré kan nínú jíìnì ọkàn kan, èyí tí wọ́n pè ní Y1102. Wọ́n rí i lára bí ẹni 13 nínú 100 àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, àti bí 19 nínú 100 àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà àti Karibéánì tí wọ́n yẹ̀ wò. Àwa nìyẹn. Kì í ṣe Long QT, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó gbé e ni kò ní rí ìjàǹbá kankan láyé wọn. Àmọ́ bó bá pàdé oògùn tó ń fa QT gùn àti potásíọ̀mù tó lọ sílẹ̀, ewu rẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Bí ẹnìkan bá ṣubú lójú yín tí kò mí mọ́, ẹ má da omi sí i lára, ẹ má fi ṣíbí sí i lẹ́nu. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tó le. Ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ yín sáàárín àyà rẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ kejì lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má dáwọ́ dúró títí ìrànlọ́wọ́ á fi dé. Kí ẹlòmíì máa pe 112. Ẹni tí wọ́n bá ti rí Long QT lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá nìkan wọ omi láé. Ní ti eré ìdárayá, kí òun àti dókítà ọkàn jọ sọ ọ́. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fòfin de gbogbo rẹ̀, lóde òní wọ́n ń gba àwọn kan láyè bí wọ́n bá ń lo oògùn wọn déédéé.

Ó ku ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti London, Manchester àti Houston. Bí wọ́n bá ti rí Long QT lára yín níbẹ̀, ẹ gba lẹ́tà tó dárúkọ jíìnì náà àti ibi tó ti yàtọ̀ gan-an. Ẹni tó bá ní lẹ́tà yẹn lọ́wọ́, ibì kan péré ni wọ́n á yẹ̀ wò lára àbúrò rẹ̀ nílé, owó rẹ̀ sì kéré ju kí wọ́n máa wá gbogbo rẹ̀ kiri. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi pamọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, kí wọ́n má baà ní àrùn ń bẹ ní ìdílé wọn. A ti ń béèrè jẹ́nótáìpù lọ́wọ́ ara wa kí a tó fẹ́ra, ojú ò tì wá. Ẹ pe àwọn ará ilé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ ya fọ́tò lẹ́tà náà, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp.